Ta Ló Sọ Ọ́, Ta Ló Sanwó Rẹ̀? Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìròyìn Nínú Kíláàsì Yorùbá

Àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní ìmọ̀ ìròyìn. N kò ní fi ibi tí mo ń lọ pamọ́ fún yín: mo gbà pé inú kíláàsì Yorùbá ni ẹ̀kọ́ náà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún náà, àrùn Ebola wọ Èkó láti ara arìnrìn-àjò kan tó ti Liberia wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ iyọ̀ gba ìlú. Òru ni. Fóònù ń dún láti ilé dé ilé: ẹ dìde, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní ràn yín. Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, ìyá pe ọmọ tó wà ní yunifásítì, pásítọ̀ pe ọmọ ìjọ. Ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde pé irọ́ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti dé ikùn àwọn kan. Ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ó kéré tán, èèyàn méjì kú, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ iyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, síbẹ̀ òkú ti sùn.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí a kì í sábà wò: èdè tí ìpè náà bá wá. Ní ilé wa níhìn-ín, Yorùbá ni wọ́n fi jí ìyá wa lójú oorun. Ohùn ẹni tó mọ̀ ló gbọ́, ìfẹ́ sì ni ẹni náà fi pè é. Gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ́ nílé-ìwé nípa kọ̀ǹpútà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́ ọ, nítorí náà nígbà tí irọ́ náà wọlé ní èdè abínibí, ọmọ kò ní gbólóhùn kan lẹ́nu tó lè fi dá a dúró. Ibi tí irọ́ bá gbà wọlé ni ó yẹ kí á lọ dúró sí.

Kí ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìròyìn yìí gan-an? Àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń di akọ̀ròyìn ni. Ìyẹn wà ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì. Èyí tí mò ń wí jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ di nọ́ọ̀sì tàbí pé iṣẹ́ télọ̀ ló fẹ́ kọ́. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fíìmù, ìpolówó ọjà àti ohun tó ń gba orí WhatsApp kọjá ṣe ń di ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́: ta ló sọ ọ́, ta ló sanwó rẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́, ta ni wọn kò fún láyè láti sọ tirẹ̀. Ọmọ yóò máa bi àwọn ìbéèrè yìí, yóò sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìròyìn díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti kọ àkọlé ìròyìn rí kì í ka àkọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ayé ti ń sọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlógún pàdé ní ìlú Grünwald ní Jámánì lábẹ́ àjọ UNESCO, wọ́n sì kéde pé ó yẹ kí ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìròyìn. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ó wọ inú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1987. Ní Ìlú Ọba, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà lè fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. UNESCO gbé ìwé ìlànà jáde fún àwọn olùkọ́ ní 2011, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 sì ni Àbújá gba àlejò àpérò àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ náà. A ti gbàlejò, a ti sọ̀rọ̀, a ti ya fọ́tò. Ẹ gbé tábìlì ìdánwò WAEC wò, ẹ kò ní rí i níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba fi kún ètò ẹ̀kọ́ gírámà ní 2011 ní fọ́tò yíyà àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé nínú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ lè mọ bí a ṣe ń ya fọ́tò kó má mọ bí fọ́tò ṣe ń tan ènìyàn.

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ń fẹ́ olùkọ́ tuntun, ìwé tuntun àti owó tí a kò ní rí gbà. Ohun tí mo rí ni pé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ní ilé fún un. Àkàyé wà níbẹ̀. Àròkọ oníròyìn wà níbẹ̀, aláríyànjiyàn wà, onísọ̀rọ̀gbèsì wà. Aáyan ògbufọ̀ wà. Àrokò pàápàá wà níbẹ̀, tí a ń kọ́ ọmọ nípa owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí ọba fi ń ránṣẹ́ sí ọba. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ àrokò ti ń kọ́ ìmọ̀ ìròyìn: ẹni tó ránṣẹ́ wà, ẹni tí a rán wà, ẹni tó lè tú u wà, ẹni tí a kò fẹ́ kó tú u náà sì wà. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ náà fi ọwọ́ kan ìwé ìròyìn òwúrọ̀ yìí nínú kíláàsì kan náà.

Ohun èlò tí Yorùbá ní fún ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, mo sì fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí mẹ́ta nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. A máa ń kọ́ ọmọ pé òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè ilẹ̀ wa, a ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú. Àlùfáà ìjọ CMS ni Townsend, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa kàwé, ó sì fẹ́ kí wọ́n di onígbàgbọ́. Òun náà ń dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú Ẹ̀gbá. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé ìròyìn náà parí. Ọmọ SS1 tó bá gbọ́ gbogbo èyí yóò mọ̀ láìjẹ́ pé a kìlọ̀ fún un pé ìwé ìròyìn ní olówó, olówó náà sì ní ibi tó dúró sí.

Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù. Isaac Babalọlá Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní arẹwà ni òun nígbà èwe òun, òun sì fi ẹwà náà kó ọkùnrin jẹ ní Èkó. Àìsàn ti wá gbé òun dè báyìí, òun ń fi ìtàn ayé òun kọ́ àwọn ọmọdébìnrin lọ́gbọ́n kí ikú tó dé. Lẹ́tà tẹ̀ lé lẹ́tà títí wọ 1930. Èkó gbóná. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀, wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan láyé. Thomas olóòtú fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ gbogbo lẹ́tà náà. Ó di ìwé ní 1930, àwọn onímọ̀ kan sì ń kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ SS2, ibí ni n bá ti bẹ̀rẹ̀. Màá ka ojú ìwé méjì sí àwọn ọmọ létí láìsọ ẹni tó kọ ọ́. Màá bi wọ́n bóyá obìnrin yìí gbáyé lóòótọ́, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ ibi tó mú wọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò fa ìlà sábẹ́ orúkọ àdúgbò, sábẹ́ omijé, sábẹ́ àdúrà, sábẹ́ ibi tó ti ń sọ pé "èmi". Nígbà náà ni màá sọ òtítọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ẹ̀rí kan tó ń káàkiri lórí WhatsApp síwájú wọn, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pé "Orúkọ mi ni Ìyá Báyìí, ìlú báyìí ni mo ń gbé, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ." Wọn yóò rí i pé àwọn irinṣẹ́ kan náà ni. Thomas fi wọ́n dá iṣẹ́ ọnà tó níyì. Ẹlòmíràn ń fi wọ́n ta oògùn tí kò ṣiṣẹ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé Yorùbá kò ní ìwé tó dára ju èyí lọ fún kíkọ́ ọmọ ní bí ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe ń di ohun tí a gbà gbọ́, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń jáde ìwé mẹ́wàá láìgbọ́ orúkọ Sẹ̀gilọlá rí.

Ìkẹta ni tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ní 1953, nínú awuyewuye òmìnira, Gómìnà Macpherson lọ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọn kò gbà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá pinnu pé àwọn yóò ní ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìpinnu náà ló sì bí WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn lórí rẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ìtàn yìí fi han ọmọ pé nígbà kan, ìjọba kan ná owó ńlá kí wọ́n má bàa dá ẹjọ́ òun láìgbọ́ ẹnu òun.

Ìbéèrè mìíràn wà nínú ìtàn kan náà. WNTV máa ń sọ pé òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà, a sì ń fi yangàn títí dòní. Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá: lọ wádìí rẹ̀. Yóò rí i pé àwọn Faransé ti ní tẹlifíṣọ̀n ní Algeria láti 1956, ìyẹn nígbà tí Algeria ṣì wà lábẹ́ wọn. Kí ni kí á ṣe pẹ̀lú ìyangàn wa, nígbà náà? Kí ọmọ tún un kọ kó lè dúró: ti Ìbàdàn ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Iyì WNTV kò dínkù. Ọmọ náà sì ti kọ́ pé a lè yẹ ohun tí a fẹ́ràn wò láìbà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wọ kíláàsì wàyí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tó wà níhìn-ín ń bi ara wọn pé níbo ni iná wà, níbo ni kọ̀ǹpútà wà. Ẹ gé páálí kékeré, ẹ la ojú fèrèsé sí àárín rẹ̀, kó tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tàbí ọjà tó wà nítòsí, kó gbé e sójú, kó wo ibi kan ṣoṣo, kó sì kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tó rí. Ọmọ kan yóò gbé fèrèsé rẹ̀ sí ibi òkìtì ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, yóò kọ pé ọjà náà dọ̀tí. Ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró sí ibi kan náà yóò gbé tirẹ̀ sí ìyá tó to tòmátò ní márùn-ún márùn-ún sórí àtẹ, tó ń fi aṣọ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò kọ pé ọjà náà mọ́ tónítóní. Irọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní kíláàsì, ẹ lẹ àwọn gbólóhùn náà mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn nípa èyí tí ìwé ìròyìn yóò lò àti ìdí rẹ̀. Àwọn tó dàgbà láàrin wa yóò rántí Atọ́ka, ìwé eré onífọ́tò tí gbogbo ilé ń kà láyé ọdún 1970 sókè. Fóònù olùkọ́ kan ṣoṣo tó fún àwọn ọmọ láti ṣe Atọ́ka tiwọn ní fọ́tò mẹ́fà, kí wọ́n sì yí ìtàn padà nípa títún fọ́tò mẹ́fà kan náà tò.

Àkọlé ìròyìn ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ mẹ́ta sójú pátákó: "Ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan." "Wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan." "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú níbi rògbòdìyàn." Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ẹni tó yìnbọn wọlé sí nínú ìkejì, níbo ni ìbọn fúnra rẹ̀ lọ nínú ìkẹta. Wọ́n ti ń kọ́ nípa arọ́pò-orúkọ láti JSS1. Ọjọ́ yẹn ni wọn yóò mọ̀ pé "wọ́n" lè di aṣọ tí ẹni tó ṣẹ̀ fi bojú. "Wọ́n ní", "wọ́n sọ pé", "a gbọ́ pé": kí wọ́n ka ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n yí gbogbo "wọ́n" tí kò lórúkọ po, kí wọ́n kà á. Olùkọ́ gírámà Yorùbá nìkan ló lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ìwé UNESCO kò lè kọ́ ọ fún wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aáyan ògbufọ̀. BBC Yorùbá wà láti 2018, Aláròyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní 1996. Ẹ mú ìròyìn kan tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, kí ọmọ wo ohun tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n fi kún un, àti ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ sọ tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí mo bọ̀wọ̀ fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa. Àwọn ló gbé èdè yìí ró nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ètò onígbọ̀wọ́. Bàbá oníṣègùn jókòó, atọ́kùn ètò ń bi í pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ìgò kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà?" Bàbá dáhùn. Àwọn olùgbọ́ pè wọlé, wọ́n jẹ́rìí. Nọ́ńbà fóònù jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó dún bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bẹ́ẹ̀ ìpolówó ọjà ni látòkè délẹ̀. Ẹni tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló sanwó àkókò náà, òun ló sì mọ ìbéèrè tí wọn yóò bi í. Ẹ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ nígbà méjì. Nígbà kejì, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè níbi tí akọ̀ròyìn gidi ì bá ti bi í pé: ilé ìwòsàn wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé NAFDAC fọwọ́ sí i? Níbo ni àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún wà, kí ló dé tí wọn kò pè? Mo fẹ́ kí ọmọ tó ní ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru nílé mọ ìyàtọ̀ yìí ju pé kó mọ orúkọ gbogbo àwọn gómìnà àtijọ́ lọ.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Ẹ̀rù tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni pé ẹ̀kọ́ yìí yóò sọ ọmọ di aláìgbọràn, tí yóò máa bá àgbà jiyàn. Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí yóò ṣe rí. Ìyá gba ọ̀rọ̀ olóhùn lórí WhatsApp: ẹ má ra gààrí tó bá funfun jù o, wọ́n ti da kẹ́míkà sí i. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Mo gbọ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?"

"Ìyá Ìjọ ni."

"Ṣé àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀?"

"Rárá. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí àwọn náà."

"Ọjà wo ni ẹni náà dárúkọ mà?"

Ìyá tún un gbọ́. Kò dárúkọ ọjà kankan. Kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ ọjọ́. Ọmọ fi ọfà méjì tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà han ìyá rẹ̀, ó ṣàlàyé pé WhatsApp ló fi í síbẹ̀ láti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, àti pé láti 2020 ni kò ti gbà kí á fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. "Ṣé kí á dúró ná, mà, kí á bi ìyá tó ń ta gààrí fún wa?"

Níbo ni àfojúdi wà nínú èyí? Ọmọ kúnlẹ̀, ó sọ "ẹ", ó bẹ̀bẹ̀, ó bi ìbéèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀wọ̀ yìí láti fún un, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí mo fi ní kíláàsì Yorùbá ni kó ti kọ́ ọ: ibẹ̀ nìkan ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń bi àgbà léèrè kí àgbà má bínú. Ẹ má sì gbàgbé ẹlòmíràn nínú ìtàn náà. Ìyá olóko kan ní Yewa tàbí ní Òkè-Ògùn ló bó ẹ̀gẹ́, tó rin ín, tó fún un, tó yan án, tó gbé e wá sọ́jà, tí kò sì ní mọ ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ọjà òun tí wọ́n ń kọjá. Irọ́ máa ń ní ẹni tó ń pa lára, a kì í sì í rí ojú ẹni náà lórí fóònù.

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní báyìí, ẹ̀rọ lè ya ojú, ó lè sín ohùn jẹ títí tí ìyá yóò fi rò pé ọmọ òun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ìtanràn lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ tó bá ti kọ́ láti bi ìbéèrè yóò ní kí á pa fóònù yẹn, kí á pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n òun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ewu kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù ju àfojúdi lọ: kí ọmọ má gba nǹkan kan gbọ́ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé "gbogbo oníròyìn ló ń purọ́." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́n, ẹni tí yóò gba irọ́ tó bá kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn nínú gbọ́ ni. Nítorí náà ìdajì ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ìròyìn tó dára. Ẹ fi han ọmọ bí akọ̀ròyìn kan ṣe dárúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, bó ṣe pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó tó tẹ ìròyìn, bó ṣe tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní gbangba. Ẹ pe akọ̀ròyìn wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bá ní kó má kọ ìròyìn kan. Ìdáhùn rẹ̀ yóò pẹ́ létí ọmọ ju ìwé lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ló sì ti ní ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, tó ń ka ìròyìn ní gbàgede àárọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kà á, ìròyìn Àbújá tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò lánàá ni wọ́n sì ń tún kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á ní Yorùbá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ ìròyìn ilé-ìwé: ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, ìdíje eré sísá, owó tí wọ́n dá fún àga tí àga kò tíì dé. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àga yẹn yóò dùn yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì wá gba ìdáhùn yín kí wọ́n tó kà á. Bí wọ́n bá ṣì í kà, kí wọ́n tún un ṣe ní gbàgede kan náà, lójú àwọn èèyàn kan náà.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi kún un báyìí. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdánwò WAEC àti NECO, ẹ fi ìròyìn kan tàbí ìpolówó ọjà kan sí àkàyé Yorùbá lọ́dọọdún, kí ẹ sì bi ọmọ léèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tí kò sọ. Ọ̀nà ìdánwò ni àwọn olùkọ́ ń tọ̀. Bí ẹ bá bi í, wọn yóò kọ́ ọ. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹ ṣílẹ̀kùn fún kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí wọ́n rí ibi tí owó ti ń wọlé àti ibi tí ìròyìn ti ń jáde. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fi ọ̀wọ̀ bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ dá a lóhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ni mo wá bá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ra ìwé ìròyìn Yorùbá kan, ẹ mú un wọ kíláàsì SS1, ẹ ka ìròyìn ojú ìwé àkọ́kọ́ sí wọn létí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yí gbogbo "wọ́n" po. Bí owó ìwé ìròyìn bá wọ́n, kí kíláàsì mẹ́ta pín ẹyọ kan lò.